Ọ̀wọ̀ Tí Àwọn Ajá Ń Bù fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Ooru ti dé, kò sì kanlẹ̀kùn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ péré ni mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé, kíá ni mo fà á padà. Tí ọwọ́ mi ò bá lè gbà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà ò ní gbà á. Láti ọ̀la lọ, ìrìn àárọ̀ gbọ́dọ̀ parí kí oòrùn tó yọjú. Èmi tí mo fẹ́ràn oorun báyìí, mo ti di ẹni tí yóò máa jí àkùkọ.

Ìyá Olùkọ́ gbé Alága, ajá ẹ̀, wá fún mi tọ́jú lónìí. Ó gbé e mọ́ra bí ọmọ tuntun, ó sì gbé ìrọ̀rí ẹ̀ dání. Ajá ọ̀hún sanra, imú ẹ̀ pẹrẹsẹ, tó bá ń mí, ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ àga nílẹ̀. Irú wọn gan-an ni ooru máa ń kọ́kọ́ wá. Ọmọ Ìyá Olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ibẹ̀ ló ń lọ títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, òun nìkan ló kù tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n padà wá bá a láàyè."

Mo kúnlẹ̀, mo ní ó máa bá a láàyè. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo ni èémí.

Pẹ̀lú Ṣọ́jà tèmi, tí kò ṣọ́ nǹkan kan rí láyé ẹ̀, àti Rọ́ọ̀gì onírun jàgbàjàgbà tí wọ́n ti gbé wá fún mi tọ́jú tẹ́lẹ̀, wọ́n ti di mẹ́ta. Ọ̀sán ló ń já mi láyà, torí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni mo ti ń ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi ti ní, "Fi ọ̀sán sílẹ̀ fún mi. Ṣé omi lásán ni mi ò lè bù ni?" Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ọsibítù, ilé ló máa ń wà lójúmọmọ. Omi bọ́ lójú mi díẹ̀. Ẹni tó tọ́ mi dàgbà láti ọjọ́ tí ìyá wa ti lọ, kò tíì sú u títí dòní.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Mo kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo ẹ̀ kí n tó jáde. Kí wọ́n rẹ àpò ìdọ̀họ sínú omi, kí wọ́n fi kọ́ ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, torí tí afẹ́fẹ́ ò bá kọjá lára àpò tútù, inú ilé á kàn di ìkòkò tó ń hó ni. Kí abọ́ omi máa tẹ̀ lé òjìji. Tí itọ́ ajá bá ti ń ki, tí èrìgì ẹ̀ sì pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n da omi ẹ̀rọ sí i níkùn àti lẹ́sẹ̀, kí wọ́n tan fáànù sí i, kí wọ́n pè mí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bá ń gbó, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ má bínú sí wọn o. Ajá ò ní òógùn bíi tiwa. Ẹnu ni wọ́n fi ń tú ooru dànù."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kékeré, nọ́ọ̀sì ni mí. Èèyàn ni mò ń tọ́jú lóròòru, ṣé ti ajá ló wá máa ṣòro?"

Òótọ́ ni.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ bá ilé wa pín ògiri, yọ orí lókè ògiri náà lónìí. "Ṣé ilé ẹjọ́ lẹ gbé wá sí ẹ̀yìnkùlé yín ni? Àwọn ajá yìí ń ro ẹjọ́ láti àárọ̀!"

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ayùn tiyín náà kì í ṣe orin."

Ó wò mí títí, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Àgbàlagbà ni, mi ò yẹ kí n fún un lésì. Ṣùgbọ́n ooru ti jẹ ìtìjú mi díẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ìyá Olùkọ́ pè. Lẹ́yìn tó ti sọ pé ọmọ ọwọ́ náà ń mu ọyàn dáadáa, ó ní kí n fi fóònù sí Alága létí. Ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. Alága hanrun. Ó ní, "Ṣé o gbọ́? Ó ń dá mi lóhùn." Ta ni mí tí mo máa jiyàn?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Irun ti ń re lókè imú Alága, ti Rọ́ọ̀gì náà ń bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé bóyá ara ń yún wọn ni wọ́n ṣe ń fi imú gbo ògiri. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo gbé e lọ fi han dókítà. Ó ní ó lè jẹ́ ooru, ó lè jẹ́ kòkòrò, kí n máa wò ó. Dókítà yìí, tí orí bá ń fọ́ ẹ, á ní kó o máa wò ó.

Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Yìnyín ti gbówó lórí. Kò sí atẹ́gùn rárá.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ohun kan pa mí lẹ́rìn-ín lónìí. Èmi àtàwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lábẹ́ páànù ẹ̀yìnkùlé, wọ́n yọ ahọ́n síta, wọ́n ń mí lọ kíkankíkan. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí láti wá sá aṣọ, gbogbo wọn pa ẹnu dé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n jókòó. Kódà Ṣọ́jà jókòó, Ṣọ́jà tí kò jókòó fún mi rí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún yín! Èmi tí mò ń fún wọn lóúnjẹ, orí ni wọ́n ń gùn mí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sá aṣọ méjì, ó sì wọlé. Èyí tó ṣẹ́kù sínú báàfù, èmi ni mo bá a sá a. Ó ń rẹ̀ ẹ́ gan-an lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ojú ẹ̀ ti jìn wọnú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo fẹ́ gé èékánná Rọ́ọ̀gì nírọ̀lẹ́. Mo na ọwọ́ sára ìṣó tí mo máa ń kọ́ àwọn àpò ẹnu sí, àwọn èyí tí wọ́n fi awọ ṣe, tí mo fi ń di àwọn ajá lẹ́nu fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí wọ́n má bàa bù mí jẹ. Èyí tó kéré jù tutù fún itọ́. Mo dúró, mo ń ronú ìgbà tí mo lò ó kẹ́yìn. Mi ò rántí. Mo ní ó dáa, ooru ti wọ̀ mí lórí, mo ti ń gbàgbé nǹkan. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a.

Alága ò jẹun tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún



Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ́sàn-án níbi iṣẹ́. "Kékeré, máa bọ̀, máa bọ̀, Alága ti ṣubú." Èmi àti dókítà la jọ sáré. Orí ilẹ̀ ni mo ti bá a, ó nà gbalaja, ojú ẹ̀ ṣí ṣùgbọ́n kò rí mi. Èrìgì ẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Itọ́ ẹ̀ ń fà bí oje igi. Mo da omi sí i níkùn, mo da á sábẹ́ apá, mo da á sẹ́sẹ̀, dókítà ń fi fáànù fẹ́ ẹ, mo ń pariwo orúkọ ẹ̀ bí ẹni pé ó jìnnà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí.

Ó pẹ́ kí ó tó gbé orí. Nígbà tó gbé e, ó bì sí mi lẹ́sẹ̀, mo sì dúpẹ́.

Dókítà ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi ìka tọ ilà kan lókè imú Alága, ilà tó gún régé. "Màmá Ajá, ògiri kọ́ ló ṣe eléyìí o. Wọ́n di nǹkan mọ́ ọn lẹ́nu ni."

Ajá onímú pẹrẹsẹ, nínú ooru yìí, kí èèyàn di ẹnu ẹ̀! Ẹni tí ọkàn mi lọ sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Káfíńtà. Ògiri wa ò ga. Ṣebí òun ló ń pariwo pé wọ́n ń gbó? Mo sọ ọ́ síta.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó lè jẹ́ òun o. Mo sùn díẹ̀ lọ́sàn-án."

Ohun tó sọ gan-an nìyẹn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà. Àwọn oníbàárà ẹ̀ méjì wà níbẹ̀, mi ò ka wọ́n sí. Mo bú u. Mo pè é ní ìkà. Mo ní àgbà tó ń fo ògiri láti lọ di ajá lẹ́nu, kí Ọlọ́run dì í lẹ́nu tiẹ̀ náà. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó gbé nǹkan ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè.

Ó ní, "Ọmọ yìí, ta ló dì wọ́n lẹ́nu? Ṣebí ìwọ náà ni?"

"Èmi kẹ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wá sí ẹnu ọ̀nà yín láti dúpẹ́. Mo ní mo rí i pé ọ̀sán ti ń pa rọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí n má dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, pé ìwọ lo ní kí wọ́n máa fi àpò di ẹnu wọn lọ́sàn-án, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ yín nìyẹn."

Mo wo àwọn oníbàárà ẹ̀, wọ́n wo ilẹ̀. Mo fẹ́ ní irọ́ ni, ẹnu mi ò ṣí. Torí mo ti rí àpò ẹnu tútù yẹn lójú mi, lórí ìṣó, tí mo sì fọ̀ ọ́ fún un.

Mi ò tiẹ̀ lè tọrọ àforíjì. Ṣe ni mo yí padà lọ sílé bí ẹni tó ń rìn lójú oorun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà

Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ nígbà tí mo wọlé bá a. Mo ti tún gbogbo ọ̀rọ̀ mi tò lọ́nà, àwọn ọ̀rọ̀ tó ní eyín. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi omi wẹ̀ ẹ́, tó fi ẹ̀yìn pọ̀n ẹ́, báwo lo ṣe fẹ́ ní ó parọ́? Ohun tó jáde lẹ́nu mi ò ju, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin ni?"

Kò gbé orí sókè. "Mi ò lè sùn."

"Ṣé ẹ̀yin ni, mà?"

"Mo ní mi ò lè sùn! Ooru yìí ń pa èèyàn níwájú mi lóròòru, Kékeré. Tí mo bá dé ilé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, oògùn ẹlòmíràn ni mo fẹ́ fún aláìsàn. Ọmọ ẹ̀ ló gbá mi lọ́wọ́ mú. Mo ní kí n ṣáà sùn fún wákàtí méjì. Wákàtí méjì péré. Mo máa ń tú wọn sílẹ̀ kí o tó dé."

"Ẹ ò ṣe sọ fún mi?"

"O ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi jù."

Èyí dùn mí, torí òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ pé oorun nìkan ni, mo lè gbé e mì. Mi ò bá kó àwọn ajá lọ síbòmíràn, mi ò bá wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lánàá, mo ń fi omi dá ajá padà sáyé, mo dárúkọ Káfíńtà, ó sì ní ó lè jẹ́ òun. Ó jẹ́ kí n sùn lórí ẹ̀. Ó jẹ́ kí n jí, kí n lọ bú ẹni tó lè bí mi lọ́mọ. Tẹ́lẹ̀ ná, ó ti fi orúkọ mi bo ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọkùnrin náà. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú ló fi ata sẹ́nu. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, mo sì máa ń rò pé ọ̀tá ló ń bá wí. Ta ni yóò ní kí ọ̀tá kín òun lẹ́yìn?

Mo ní, "Ẹ sì sọ fún Káfíńtà pé èmi ni."

Ó yọ wáyà áyọ́ọ̀nù lára ògiri. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Má sọ fún ìyá yẹn o. Sọ pé ooru ni. Ṣebí ooru náà ni?"

Ó lọ síbi iṣẹ́. Kò jẹun. Mo fẹ́ sáré gbé oúnjẹ tẹ̀ lé e, mo ti gbé abọ́ dání kí n tó rántí pé mò ń bínú.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Alága mu omi ní ẹ̀ẹ̀mẹta. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ nílé, àfi "ẹ kú iṣẹ́" àti "o ṣé".

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìyá Olùkọ́ pè. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀, ó fi ọwọ́ di férémù mú.

Mo ní, "Mà, Alága fẹ́ kú lọ́jọ́bọ̀." Mo gbọ́ bó ṣe gba èémí sínú. "Ooru ni, ṣùgbọ́n ooru nìkan kọ́. Wọ́n di ẹnu ẹ̀ lọ́sàn-án nínú ilé mi, nígbà tí mi ò sí níbẹ̀. Mi ò mọ̀. Ó yẹ kí n mọ̀."

"Ta ló dì í?"

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi wo mí. "Inú ilé mi ni, mà," ni mo sọ.

Ìyá Olùkọ́ ní, "Fi fóònù sí i létí." Ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Nígbà tó padà sí mi, ó ní, "N ò tíì lè kúrò níbí, ọmọ mi. N ò sì ní ẹlòmíràn tí n máa gbé e fún. Ìwọ náà ló kù."

Ì bá sàn kó bú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Káfíńtà. Mo dúró kí àwọn oníbàárà wà níbẹ̀, torí níwájú wọn ni mo ti bú u. Ó jẹ́ kí n kúnlẹ̀ dáadáa kó tó ní kí n dìde, ẹ̀tọ́ ẹ̀ sì ni.

Ó ní, "O fi mí ṣépè o."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ bá mi dá a padà."

"Mo ti dá a padà tipẹ́. Ṣé o rò pé màá jẹ́ kó sùn sí ṣọ́ọ̀bù mi ni?" Ló bá fi ẹnu tọ́ka sí ẹ̀yìn, níbi tó ń to pákó sí. Òrùlé ibẹ̀ ga, ìyẹ̀fun pákó tútù wà nílẹ̀, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ kọjá. "Máa kó wọn wá síbẹ̀ lọ́sàn-án. Tí wọ́n bá fẹ́ gbó, kí wọ́n gbó. Mo ti wá mọ ohun tí wọ́n ń sọ."

Mo sunkún níwájú ẹ̀. Ó ń wo ibòmíràn, ó ń wá pẹ́ńsù ìkọ̀wé tó wà ní etí ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Alága jẹun tán! Ó tún jí ti Rọ́ọ̀gì jẹ. Mo nà án ní ọ̀rọ̀ ẹnu, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Irun ti ń hù padà lókè imú ẹ̀, tí-tín-tín.

Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́

Ẹ̀gbọ́n mi ti dáná sun àwọn àpò ẹnu yẹn. Eérú wọn ni mo bá lẹ́yìn ilé. Kò sọ, mi ò bi í. Irinṣẹ́ mi ni wọ́n, ǹ bá fẹ́ kó kọ́kọ́ bi mí. Bí ó ti ń ṣe gbogbo nǹkan mi láti kékeré nìyẹn, ire àti ibi, kò ní bi mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin

Ọjọ́ tó gbóná jù lọ títí di ìsinsìnyí. Òjò ń ṣú, kò rọ̀, ó kàn dé wa mọ́lẹ̀ bí ọmọrí. Káfíńtà gbé ilẹ̀kùn lọ fún ẹnì kan, ó ti ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo dúró ti àwọn ajá lábẹ́ páànù ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀. Ahọ́n Alága fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, àyà ẹ̀ ń fò.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣílẹ̀kùn. Ó gbé báàfù omi dání, yìnyín ń kan ara wọn nínú ẹ̀, ó fi àpò ìdọ̀họ tútù kọ́ èjìká. Ó ti rẹ àpò náà dáadáa, ó ti fún un, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Kékeré, má bínú." Ní gbogbo ayé mi, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ rí. Mo fẹ́ dìde. Mo fẹ́ ní ó ti tán, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jókòó.

Nígbà náà ni mo rí wọn. Ṣọ́jà ti pa ẹnu dé. Rọ́ọ̀gì ti pa ẹnu dé. Alága ń wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó ti di ẹnu pinpin, àyà ẹ̀ ń lọ sókè sódò láìríbi gbà, ara ẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n jókòó kalẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe jókòó lọ́jọ́ tí mo rẹ́rìn-ín tí mo ní ọ̀wọ̀ ni.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Kí wọ́n lè mí."

Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i lójú ẹ̀ pé ó yé e. Ó gbé báàfù sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó kó àpò lé e, ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ títí dé yàrá.

Alága ló kọ́kọ́ la ẹnu. Mo lọ gbé omi náà sún mọ́ ọn.